Ta Ló Ni Ọkọ̀ Yìí Tẹ́lẹ̀?

Gbogbo wa ni a mọ ọkọ̀ àlòkù. Láti èbúté Kútọnu ni wọ́n ti ń gbé e wá sí Parakou. Kí a tó rà á, a máa ń bèèrè pé: ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè yìí kan náà ni àwọn ènìyàn ń bèèrè lórí ọkọ̀ eré ìje àtijọ́. Ẹni tí ń wà á nìkan ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Kò ní àyè èrò, kò sì gba ẹrù. Síbẹ̀, owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà á lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀kan. Ní 1954, ilé-iṣẹ́ Mercedes ní Jámánì ṣe ọkọ̀ kan. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 00009/54. Ní oṣù kìíní 1955, Juan Manuel Fangio, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, fi gba ipò kìíní ní Buenos Aires. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Stirling Moss, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà á ní Monza ní Ítálì. Ní 1965, Mercedes fi ta ilé ìkóhun-àtijọ́-sí kan lọ́rẹ ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Ilé náà tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí 60 ọdún. Ní oṣù kejì 2025, wọ́n tà á ní Stuttgart. Iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù 51 yúrò lọ, èyí tó ju mílíáàdì 33 séfà lọ.

Kí ló mú un wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ìtàn rẹ̀ kò já. Nọ́ńbà, ìwé àti fọ́tò fi hàn ọwọ́ ẹni tó wà ní ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ti àwọn ọkọ̀ Auto Union kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Zwickau, ní Jámánì, ni wọ́n ti ṣe wọ́n kí ogun ńlá kejì tó dé. Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn ará Rọ́ṣíà kó wọn lọ. Wọ́n tú òmíràn palẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní 1976, ọ̀kan wà ní Mọ́síkò tí wọ́n fẹ́ sọ di àlòkù irin. Viktors Kulbergs, ará Riga ní Latvia, ló gbà á là.

Nígbà eré ìje, bí ẹ́ńjìnnì kan bá bàjẹ́, wọn a yọ ti ọkọ̀ mìíràn fi sí i. Nítorí náà, ènìyàn méjì lè ní irin ọkọ̀ kan náà, kí oníkálukú máa sọ pé tòun ni ojúlówó. Àwọn àgbà ní: bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí àrọ́bá méjì bá ta ko ara wọn, ìwé ni yóò là wọ́n.

Àwa ará Titirou kò ní ra ọkọ̀ mílíáàdì. Ṣùgbọ́n owó tiwa náà, òógùn ojú ni. Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ tàbí alùpùpù, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára irin rẹ̀. Ẹ gbé káàtì gríìsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ má sanwó. Bí ẹ bá sì rà á, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá dé pé tòun ni, ìwé náà ni ẹ ó mú jáde.