Iyọ̀, ọ̀dà àti ilé àwọn àgbà l'Òde Ùgbò

Ẹ jókòó, ìtàn rèé 🧵

1/ Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó nílẹ̀ Ìlàjẹ. Pákó ni wọ́n fi kọ́lé, lórí òpó. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ.

2/ L'Òde Ùgbò tiwa, ilé bulọ́ọ̀kù àwọn àgbà ṣì dúró, àmọ́ iyọ̀ ń jẹ ẹ́. Iyọ̀ inú ògiri máa ń fa omi mọ́ra. Tó bá gbẹ, á di hóró, á ti ọ̀dà jáde.

3/ Kí n tó gba akunlé fún ilé ìyá mi àgbà, "èló?" kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ bi í. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ha á, kẹ́ ẹ fi omi tí ò níyọ̀ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kùn ún?"

4/ Tó bá ní ká ṣáà kùn ún bẹ́ẹ̀, ó dìgbà. Mi ò lè dá òkun dúró. Ti iyọ̀, apá wa ká a.