Koríko Tí Kì Í Mu Omi

Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ "kó... kó..." lẹ́yìn ohùn mi, yápíìsì yín ò bàjẹ́. Dádì mi ló ń gbá gọ́ọ̀fù ní ẹ̀yìnkùlé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró títí n ó fi gba ohùn sílẹ̀ tán, wọn ò dá mi lóhùn. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n mú lára owó ìfẹ̀yìntì wọn, wọ́n ra koríko oníke, wọ́n ní kí wọ́n tẹ́ ẹ síbi tí Mọ́mì ń gbin ewédú sí. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà nílé wa. Èmi gan-an bínú. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ike ṣe nígbà tí ilẹ̀ wà. Èsì tí wọ́n fún mi ló bí ètò òní.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún méjìlá, kádì ni wọ́n, ìyẹn àwọn ọmọ tó máa ń ru àpò igi gọ́ọ̀fù tẹ̀lé àwọn ọ̀gá. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù nílẹ̀ wa ni kò ní koríko rárá níbi tí ihò wà. "Bráùn" ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Yanrìn ni, tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì kí afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ ẹ lọ. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé eré náà dé. Nílùú tiwọn, orí koríko kúkúrú tó jọ kápẹ́ẹ̀tì ni bọ́ọ̀lù ti ń yí wọ ihò, àmọ́ irú koríko bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ omi lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀rùn tiwa kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n bá ta ọgbọ́n yanrìn. Eré àwọn díẹ̀ ni lásìkò náà o: Ikoyi Club tó wà l'Ékòó, European Club ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1938, orúkọ yẹn sì ti sọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Iṣẹ́ kádì ni pé kó wọ́ igi pẹlẹbẹ kan lórí bráùn náà títí tí yóò fi tẹ́jú, kí bọ́ọ̀lù ọ̀gá má baà ta kókó. "Ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ni mo ń pa rẹ́ níbẹ̀," Dádì wí. "Èmi ò gbá ẹyọ bọ́ọ̀lù kan lórí rẹ̀ rí."

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà náà gba ọ̀nà epo yìí. Ní nǹkan bí 1922, Thomas Fairbairn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ní oko òwú ní Mẹ́síkò, lọ èèpo kóró òwú, ó pò ó mọ́ yanrìn àti epo, ó pa á láró aláwọ̀ ewé. Gọ́ọ̀fù bọ́ sórí òrùlé nìyẹn àti sínú ilé. Garnet Carter àti Frieda ìyàwó rẹ̀ ṣe gọ́ọ̀fù kékeré tiwọn sí Lookout Mountain, wọ́n sọ ọ́ ní Tom Thumb. Nígbà tó fi máa di 1930, owó ti dá gbogbo èèyàn lóró, àmọ́ irú ibi ìṣeré bẹ́ẹ̀ ti kún Amẹ́ríkà, torí owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wọlé. Kò pẹ́ tó fi rọlẹ̀.

Ike gan-an dé ní ọdún 1964, nígbà tí ilé iṣẹ́ Monsanto tẹ́ koríko tí wọ́n pè ní ChemGrass sí Moses Brown School ní Providence. Àwọn ọmọ ìgboro tí kò ríbi ṣeré ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ́kọ́ ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù lójú títì tí mọ́tò ń lé yín! Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni Astrodome, pápá onílé tí wọ́n ṣí ní Houston ní 1965. Gíláàsì oníke ló wà lórí òrùlé rẹ̀ kí oòrùn lè bọ́ koríko. Oòrùn yẹn kọ mànà lójú àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọn ò rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ lókè. Wọ́n bá fi ọ̀dà kun òrùlé. Koríko kú. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun òkú koríko, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ! Ní 1966 ni wọ́n tẹ́ ChemGrass síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì di AstroTurf.

Ká padà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn tó kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ kàn tẹ́ ike lé ilẹ̀pa lórí, wọ́n gba owó wọn, wọ́n lọ. Òjò kan péré, ó di odò, ibi kan wú, ibi kan sì jìn. Dádì ò bá wọn jà. Wọ́n pe bíríkìlà àdúgbò wa, èmi náà ká ṣòkòtò. A gbẹ́ ilẹ̀ wọlé, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a da èyí tó kúnná lé e, a sì gún un títí tó fi le, a jẹ́ kó dagun díẹ̀ kí omi lè ríbi ṣàn gbà. Lẹ́yìn náà la tó tẹ́ ike, a lẹ ojú ibi tí méjì ti pàdé pọ̀, a sì gbọn yanrìn sáàárín irun rẹ̀ kó lè dúró. Ihò ló gbẹ̀yìn: íǹṣì 4¼ ni fífẹ̀ rẹ̀, bíi ti pápá ńlá. Dádì fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tá a ṣe tán, wọ́n ní kí gbogbo wa kúrò. Wọ́n tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwọ bàtà, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó gbé igi.

Lọ́sàn-án, ike yẹn ń gbóná ju koríko lọ, ẹsẹ̀ ò ṣeé gbé lé e. Mọ́mì ti ríyẹn. Wọ́n ti kó ewédú lọ sínú àpò sìmẹ́ńtì lẹ́bàá ògiri, wọ́n wá ń tẹ́ ẹní sórí gọ́ọ̀fù Dádì, wọ́n ń sá ata sí i. Dádì kì í lè gbá ohunkóhun títí aago márùn-ún, tí Mọ́mì bá kó ata wọn.

Aago márùn-ún ti kọjá báyìí. Ẹ gbọ́ wọn bí? Kó. Ó tún tàsé.