Irinṣẹ́ Ìmòòkùn fún Arìnrìn-àjò: Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Rà àti Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Háyà

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì ló ń lọ wo ibojì àwọn ọba àtijọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ sí ìlú Hurghada àti Sharm el-Sheikh létí Òkun Pupa, láti gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn kí wọ́n sì mòòkùn lọ wo ẹja aláràbarà àti iyùn nísàlẹ̀ omi. Àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ń háyà irinṣẹ́ fún àlejò. Èwo wá ni kí èèyàn fi owó ara rẹ̀ rà, nígbà tí ọ̀pọ̀ bàálù kì í fẹ́ kí ẹrù kan ju kílò 23 lọ?

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn: bí kò bá fún un lẹ́sẹ̀, yóò ṣò ó. Ohun tó bá kan ojú àti èémí, ẹ ra tiyín. Ohun tó bá wúwo, ẹ háyà rẹ̀ níbẹ̀.

Ìbòjú onígíláàsì ló ṣáájú. Ojú kò jọra, èyí tó bá ẹlòmíràn mu lè máa jẹ́ kí omi wọlé sí yín lójú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e lé ojú láì fi okùn rẹ̀ kọ́ orí, kí ẹ sì fi imú fa èémí díẹ̀. Bí kò bá jábọ́, ó bá yín mu.

Kọ̀ǹpútà ìmòòkùn, tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ bí aago, ló tẹ̀lé e. Ní mítà 10 péré nísàlẹ̀ omi, agbára tó ń tẹ ara ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀, èyí sì ń mú kí náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí èèyàn bá sáré gòkè, náítírójìn náà lè hó bí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ó sì lè sọni di arọ tàbí kó pani. Kọ̀ǹpútà yìí ló ń ṣírò ìjìnlẹ̀ àti àkókò. Ẹni méjì kò gbọdọ̀ jọ lo ẹyọ kan.

Ìkẹta ni rẹ́gúlétọ̀, tó jọ èyí tí a ń fi sórí sílíńdà gáàsì ìdáná. Òun ló ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù kó tó dé ẹnu. Oríṣi méjì ló wà: yoke, tó ń há mọ́ orí sílíńdà, àti DIN, tí wọ́n ń yí wọnú rẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń lò níbi tí ẹ ń lọ. Ẹni tó ní DIN lè mú àdápítọ̀ kékeré dání. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì dán an wò nínú omi nítòsí ilé kí ẹ tó gbéra.

Ẹ fi sílíńdà àti òjé sílẹ̀. Sílíńdà alumíníọ̀mù tó wọ́pọ̀ ń wọn nǹkan bíi kílò 14 lófìfo. Jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ àti bàtà onílẹbẹ, ẹ kọ́kọ́ háyà wọn. Bí ẹ bá ń lọ lóòrèkóòrè, ẹ wá ra èyí tó fúyẹ́. Ní ti aṣọ rọ́bà, omi Òkun Pupa máa ń tutù tó ìwọ̀n 22 nígbà òtútù, aṣọ tó nípọn tó mìlímítà 5 ló yẹ. Nígbà ooru, mìlímítà 3 tó.

Ẹ di ìbòjú, kọ̀ǹpútà, rẹ́gúlétọ̀ àti bátìrì lítíọ̀mù sínú báàgì àfọwọ́gbé. Ọ̀bẹ ni kó wà nínú ẹrù ìsàlẹ̀ bàálù.

Irinṣẹ́ kò rọ́pò ẹ̀kọ́: ẹ gba ẹ̀kọ́ ìmòòkùn kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí ẹ bá sì ti mòòkùn fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ jẹ́ kí ó kéré tán wákàtí 18 kọjá kí ẹ tó wọ bàálù padà sílé, nítorí bí bàálù bá ti gòkè ni náítírójìn tó kù lára tún lè hó.