Ẹni Tí Ó Rán Ni Níṣẹ́: Ìtàn Bí Àwọn Iléeṣẹ́ Ìjọba Ti Ń Jábọ̀ ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n bí a bá fi í wo ìtàn ìjọba ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fún ohun tí ó lé ní àádọ́jọ ọdún, a ó rí i pé ó la púpọ̀ nínú ìtàn náà yé wa. Ìránṣẹ́ ìjọba kì í bẹ̀rù ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó lè bi í léèrè ni ó ń bẹ̀rù. Nítorí náà ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: àwọn iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ ìlú, ta ni ó rán wọn, ta ni wọ́n sì ń jábọ̀ fún?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ayé àwọn ajẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1870 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà. Àṣà Ìbàdàn sì ni láti fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ àti láti máa ṣọ́ ìlú. Ajẹ́lẹ̀ ní ọ̀gá láàárín àwọn ìjòyè Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà ni ó sì ń jábọ̀ sí. Bí ó bá gba ohun tí ó tọ́ mọ́ ohun tí kò tọ́, kò sí ìgbìmọ̀ kan nínú ìlú tí ó ń jẹ gàba lé lórí tí ó lè pè é pé kí ó wá ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ìjíhìn. Ní Iléṣà, Ọwá Obòkun kì í dá ṣe ìjọba láìsí àwọn Ìwàrẹ̀fà àti àwọn ìjòyè yòókù. Ṣùgbọ́n apá ìgbìmọ̀ yẹn kò ká ajẹ́lẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ni ó rán an níṣẹ́.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1878 Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Títí di ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, tí a fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ogun Kírìjì kò tán. A kò wí pé ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ nìkan ni ó fa ogun náà, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní ohun kan: níbi tí a kò bá ti lè fi ẹnu bi ìránṣẹ́ léèrè, idà ni a fi ń bi í.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀, a dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn Ìjọba Ìbílẹ̀, a sì ń kọ ìṣirò sílẹ̀ ní ọdọọdún. Ìtẹ̀síwájú gidi ni èyí, nítorí owó tí a kọ sílẹ̀ ṣòro láti sẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó aláṣẹ ni ìwé náà ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tí ó san owó orí. Ní ọdún 1947 ni Ilé Ìgbìmọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí jókòó ní Ìbàdàn; ìmọ̀ràn nìkan ni agbára rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn òfin ọdún 1951 ni ó tó di ilé tí àwọn tí a dìbò yàn pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ó sì lè ṣe òfin.

Ní àkókò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kan àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní oko rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo láti ọdún 1907, kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ń gba ibẹ̀ lọ sí èbúté. Láti ọdún 1947 ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba dá sílẹ̀ ni ó ń sọ iye tí a ó ra kòkó. Nígbà tí ó di ọdún 1954, ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní Marketing Board tirẹ̀. Ètò náà dára létí: nígbà tí kòkó bá gbówó lórí lókè òkun, kí a fi díẹ̀ pa mọ́, kí a lè fi gbe àgbẹ̀ ró nígbà tí ọjà bá wó. Owó tí a pa mọ́ pọ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n àpò ọ̀tọ̀ ni ó wà. Kì í ṣe owó orí tí àwọn aṣòfin ń jókòó tì, tí wọn ń kà ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ kí a tó ná an. Láti inú àpò yìí ni a ti yá àwọn iléeṣẹ́ mìíràn lówó.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, tí wọn sì yan Adájọ́ G. B. A. Coker láti ṣe ìwádìí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ẹkùn náà. Ìwádìí náà fi hàn pé owó ńlá láti ọwọ́ Marketing Board ti bọ́ sí ọwọ́ iléeṣẹ́ kan tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà lórí oyè jẹ́ olùdarí rẹ̀. Àwọn kan gbà pé òdodo ni ó jáde; àwọn mìíràn sì wí pé àwọn ọ̀tá òṣèlú ni wọ́n fi ìwádìí náà ṣe pàṣán. A kò ní dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ohun tí a rí dájú ni pé ilé tí ó yẹ kí ó bi iléeṣẹ́ wọ̀nyí léèrè ní ọdọọdún kò bi wọ́n dé ìdí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìbéèrè sì dé, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti dé, pẹ̀lú ìbínú. Àgbẹ̀ tí ó ni kòkó kò sì rí ẹni dá a lóhùn.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966, àti lẹ́ẹ̀kejì ní òpin ọdún 1983. Abẹ́ wọn ni a ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí Òṣogbo sì di olú ìlú. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àkọ́kọ́ jókòó ní ọdún 1992, ṣùgbọ́n ológun tú u ká ní oṣù kọkànlá ọdún 1993. Láti ọdún 1999 ni Ilé náà, tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 26, ti ń jókòó láìdáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo agbára tí Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi lé wọn lọ́wọ́. Èkíní, kò sí ẹni tí ó lè mú owó kúrò nínú àpò ìjọba láìjẹ́ pé òfin fún un ní àṣẹ. Gómìnà ní láti gbé ètò ìnáwó wá síwájú Ilé. Èkejì, Olùyẹ̀wò Owó Àgbà gbọ́dọ̀ yẹ ìṣirò ìpínlẹ̀ wò, kí ó sì mú àbọ̀ rẹ̀ wá fún Ilé láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé ìṣirò bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́; Ilé yóò sì fi í fún ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìṣirò owó ìlú. Irú ìgbìmọ̀ yìí ni Gladstone dá sílẹ̀ ní ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1861. Ẹ̀kẹta, abala 128 àti 129 fún Ilé ní àṣẹ láti wádìí iléeṣẹ́ èyíkéyìí tí ń ná owó ìjọba, láti pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí, àti láti mú ẹni tí ó bá kọ̀ wá pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Olùyẹ̀wò Àgbà pàápàá, Gómìnà kò lè dá yọ ọ́ kí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé tó fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí ògiri ti lanu. Àwọn iléeṣẹ́ tí òfin dá sílẹ̀ lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ omi, iléeṣẹ́ rédíò àti yunifásítì ìpínlẹ̀, Olùyẹ̀wò Àgbà kì í fúnra rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ìṣirò wọn. Yóò fún wọn ní orúkọ àwọn ayẹ̀wéwò tí wọ́n tóótun, àwọn ni yóò yan èyí tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn náà ni òun yóò sọ ti ẹnu rẹ̀ lórí ìwé wọn. Ó lè bẹ̀ wọ́n wò láti ìgbà dé ìgbà. Irú iléeṣẹ́ tí Marketing Board jẹ́ náà nìyí: ó ní orúkọ ìjọba, ó sì ní àpò ọ̀tọ̀. Nítorí náà ó yẹ kí àwọn aṣòfin la ojú sí wọn ju ti àwọn yòókù lọ.

Ohun méjì ni ó sì lè sọ agbára náà di ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Àkọ́kọ́ ni owó: ẹni tí ó ń jẹun lọ́wọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó bi léèrè, ohùn rẹ̀ kì í le. Nítorí èyí ni a ṣe tún òfin ṣe ní ọdún 2018, pé kí owó tí ó tọ́ sí Ilé Aṣòfin máa lọ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni ẹgbẹ́ òṣèlú: nínú ìdìbò ọdún 2023, ẹgbẹ́ Gómìnà nìkan ni ó gba ìjókòó 25 nínú 26 ní Ọ̀ṣun. Ìbò ará ìlú ni, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ọmọ ilé kan náà tó pe ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Kí ni kí àwa ṣe nígbà náà? Ajẹ́lẹ̀ ní ọ̀gá ní Ìbàdàn. Ìjọba Ìbílẹ̀ ní ọ̀gá láàárín àwọn òyìnbó. Ní ti àwọn iléeṣẹ́ òde òní, àwọn aṣòfin ni ó rán wọn, àwa ni ó sì rán àwọn aṣòfin. Bí aṣojú bá wá sí ìpàdé wa ní Iléṣà tàbí Òṣogbo, ẹ má ṣe bi í léèrè ọ̀nà àti iná nìkan. Ẹ bi í pé: ǹjẹ́ àbọ̀ Olùyẹ̀wò Àgbà ti ọdún tí ó kọjá ti dé iwájú yín? Iléeṣẹ́ wo ni kò tíì mú ìṣirò rẹ̀ wá? Ta ni ẹ pè, kí ni ó sì wí? Ìbéèrè wọ̀nyí kò gba idà, kò gba ogun. Àwọn baba wa ja ogun ọdún púpọ̀ nítorí pé wọn kò ní àyè láti bèèrè wọn. Àwa ní àyè náà; kí a má ṣe jẹ́ kí ó di ahoro.