Wardriving

Eré ọwọ́dilẹ̀ ni wardriving, nínú èyí tí ènìyàn ń wa mọ́tò láti òpópónà dé òpópónà, tí kọ̀ǹpútà alágbèéká tàbí fóònù tí ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń ka orúkọ Wi-Fi ilé kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rọ GPS ń sàmì sí ibi tí a ti bá a pàdé. Peter Shipley, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, ni a mọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kalifọ́níà, ní nǹkan bí ọdún 2000. Láti 2001 ni ìkànnì ayélujára WiGLE sì ti ń kó àbájáde àwọn awakọ̀ jọ láti gbogbo àgbáyé. Ọ̀pọ̀ Wi-Fi ìgbà náà wà ní ṣíṣí gbayawu, bẹ́ẹ̀ ògiri tí kò lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Èrè eré yìí nìyí: ó ta onílé jí sí àlàfo náà. Ẹni tí ó bá wọ inú Wi-Fi onílé láìgbàṣẹ ti kúrò nínú eré, olè ni.