Ìjàpá Tíṣà

Bí ẹ bá ti Ọ̀wọ̀ ń lọ sí Ifọ̀n, ẹ ó kọjá ní Ẹlẹ́gbẹ́ka. Nígbà tí a wà ní kékeré, ariwo mọ́tò kan wà níbẹ̀ tí a máa ń gbọ́ kí a tó rí mọ́tò ọ̀hún: pàpàpàpà, bí ẹni ń lu páànù. "Ìjàpá tíṣà ti dé o!" Volkswagen Beetle ni, àmọ́ ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí igbá ahun, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà.

Tíṣà náà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni. Ọdún 1978 ló rà á.

Ìtumọ̀ Volkswagen ní èdè Jámánì ni ọkọ̀ ará ìlú. Hitler ló fẹ́ ẹ, Ferdinand Porsche ló ya àwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa ra sítáǹpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń dá àjọ, títí owó mọ́tò á fi pé. Ó lé ní 300,000 èèyàn tó dá a. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ilé iṣẹ́ náà yí sí mọ́tò ogun, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn alájọ tó rí ọkọ̀ gbà. Ẹ̀yìn ogun ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tún ilé iṣẹ́ ọ̀hún gbé dìde.

Tiwa yàtọ̀: wọ́n ń gba mọ́tò ná, wọ́n ń san owó bọ̀. Ìgbìmọ̀ Jerome Udoji ti ní kí ìjọba fi kún owó oṣù, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1975, àjẹsílẹ̀ rẹ̀ ti dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní March ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù ìjọba lè yá owó mọ́tò, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà ṣe di onímọ́tò. Àwọn àgbẹ̀ Ẹlẹ́gbẹ́ka ò rí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀. Bọ̀lẹ̀kájà làwọn ń wọ̀. Ọkọ̀ ará ìlú kọ́ ni nílẹ̀ wa, ká má tan ara wa, ọkọ̀ olówó-oṣù ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti mọ́tò fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, búùtù wà níwájú. Kò sí rẹ́díétọ̀, kò sí omi. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Nígbà tí omi ń hó lára mọ́tò ẹlòmíì lórí òkè, Ìjàpá á rọra kọjá. Bẹ́ẹ̀tì kan ló ń yí fáànù rẹ̀: tó bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀, tí kò bá sì dúró, ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kì í rìnrìn àjò láìmú bẹ́ẹ̀tì kejì dání. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara gíábọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì abúlé lè sọ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kọ̀ǹpútà mọ iyì nǹkan tí olówó rẹ̀ lè tú.

Kì í ṣe pé kò níyọnu o. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Bí ẹni tó sanra bá jókòó, irin àga lè kan orí bátìrì, kí iná sọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rọ́bà bò ó. Ìpẹtà a máa jẹ irin ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Nínú ti ẹ̀gbọ́n wa, a máa ń rí ọ̀dà títì láti inú ihò náà, wọ́n á sì ní ká ká ẹsẹ̀ sókè.

Kí ló wá pa á? Títò ni wọ́n ń to mọ́tò l'Ọ́jọ̀ọ́, òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ ti ń wá nínú àpótí. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, dọ́là wọ́n. Ní 1985, náírà kan ṣì lè ra dọ́là kan; nígbà tó fi máa di 1987, ó ti di bíi náírà mẹ́rin sí dọ́là kan. Owó oṣù tíṣà ò tẹ̀ lé e. Tòkunbọ̀ gba títì. Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe Ìjàpá tó kẹ́yìn láyé, ní 30 July 2003.

Ti ẹ̀gbọ́n wa wà lẹ́yìn ilé, adìẹ ń yé ẹyin síbi tí àga ẹ̀yìn wà. Wọ́n máa ń fi wá lọ sí Ifọ̀n lálẹ́, àwọn nìkan. Ọ̀nà yẹn kan náà ni àwọn agbébọn ti pa Ọba Israel Adéwùsì, Olúfọ́n ti Ifọ̀n, ní November 2020. Ta ló tún ń bá alẹ́ rìn níbẹ̀?

Nígbà tí a lọ kí wọn kẹ́yìn, wọ́n bi wá pé oṣù mélòó ni tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ máa fi ṣiṣẹ́, láìjẹ láìmu, kó tó lè ra Corolla tòkunbọ̀. A ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, a sọ iye rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àfi ká tún un ṣírò, pé ó dájú pé a ti fi òdo kan kún un.