Owó Ta Ni Ká San Kí Oníbàárà Tó Wá?

Sísanwó wá oníbàárà ti pẹ́. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 gba ìpolówó ọjà. Àwọn ìyá wa tó ń ta gàrí àti ẹ̀lùbọ́ ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà, alágbàtà ni tiwọn: ọjà á kọ́kọ́ tà ná, kó tó gba tiẹ̀.

Google dé ní tiẹ̀ ní 2002: ẹni tó bá ṣáà ti tẹ ìpolówó rẹ, owó ti lọ nìyẹn, ìbáà rà, ìbáà má rà. Facebook ní 2015 ń gba nọ́ńbà ẹni tó béèrè ọjà fún ẹni tó bá sanwó. Ẹni tó ń kó ọkọ̀ ẹ̀lùbọ́ lọ Èkó lè jèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n alápò gàrí méjì ńkọ́? Kó tó ta ọ̀kan, dátà àti ìpolówó ti jẹ èrè méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ ta nọ́ńbà fún yín, ẹ bi í: nínú mẹ́wàá, mélòó ló rajà?